Orogún Onírin

Mo ti jowú ẹ̀rọ rí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Àwọn ìyàwó ilé wa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú wọn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, àwọn obìnrin Kútọnu ló máa ń bẹ̀rù, àwọn tó ń múra lọ́jọ́ iṣẹ́ bí ẹni pé ọdún ni. Èmi mọ ọkọ mi. Ọkùnrin tí ojú ń tì láti ná ata lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀, obìnrin kọ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Irin ló gbà á.

Cosme lorúkọ rẹ̀. N kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o, Bàbá Isabelle ni mo ń pè é, nítorí ọmọ wa obìnrin. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ kó lè yé yín. Ẹsẹ̀ òkè la ń gbé, lọ́nà Soclogbo, ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin bó bá ń wọ Dassa. Mo gbọ́ fèrè yẹn ju agogo ìjọ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá dún, bí mo bá ń wẹ ọmọ, ọwọ́ mi á dúró. Bí mo bá ń lọ ata, ọlọ á dákẹ́. Ìyá ọkọ mi á ní, "Dorothée, ọkọ̀ ẹrù ni."

Oníṣirò ni Cosme ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ra òwú lọ́wọ́ àgbẹ̀. Yàrá kan ni òun àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, oníkálukú pẹ̀lú kereyọ́ọ̀n lẹ́yìn etí, wọ́n ń ro iye òwú tí abúlé kọ̀ọ̀kan tà àti ohun tó kàn wọ́n. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidigidi. Orí rẹ̀ kì í sinmi nínú ìṣirò. Bí ó bá wà nílé tí mo ń gúnyán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ọmọ odó bó ṣe ń bọ́, á máa kà á sókè bí orin. Tí mo bá dáwọ́ dúró kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, òun náà á dúró pẹ̀lú iye tó kà dé lẹ́nu rẹ̀, á máa wò mí, títí màá fi gbé ọmọ odó sókè padà. Ẹlòmíràn ń kọrin fún ìyàwó. Tèmi ń kà mí. Ó dùn mọ́ mi ju orin lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ní àsìkò tirẹ̀ bí oko ṣe ní. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òwú kò tíì là, ọwọ́ àwọn akọ̀wé á dilẹ̀, ọ̀gá á ní kí wọ́n lọ kí ará ilé. Ìgbà yẹn gan-an la ń kọ ebè iṣu. Bẹ́ẹ̀ ni Cosme ṣe ń wá sílé lọ́dọọdún, tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn oko tìrẹ, títí á fi kan gbogbo wọn. Nicolas ni olórí wọn, ọ̀rẹ́ Cosme láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyẹ lóko. Yẹ̀kínì wà níbẹ̀ náà, ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà Dassa, tí òun fi ìsọ̀ sílẹ̀ nítorí ó fẹ́ràn ilẹ̀ ju aṣọ lọ. Bí agogo ọ̀sán bá lù, àwọn yòókù á ṣe àmì àgbélébùú, Yẹ̀kínì á bu omi sápá, á kọjú síbi tí ó ń kọjú sí, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á jọ tún gbé ọkọ́.

Ọdún tí mò ń wí yìí, Cosme wálé ní Àjíǹde. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

"Wọ́n ti gbé e dé, Dorothée. Ordinateur, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò! Inú ọkọ̀ ojú omi ló bá dé láti Faransé. Wọ́n kọ́ yàrá fún un, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i tọ̀sán-tòru, nítorí kò gbọdọ̀ gbóoru."

"Ṣé ooru ò mú ẹ̀yin rí níbẹ̀ ni?"

Kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ní páálí kéékèèké ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, páálí tí wọ́n dá ihò sí lára, orúkọ àgbẹ̀ kan lórí páálí kan pẹ̀lú ìlú rẹ̀ àti ìwọ̀n òwú tó tà. Ẹ̀rọ náà á gbé páálí wọ̀nyí mì, á ṣe gbùrùrù, á sì tẹ ìdáhùn jáde. Iṣẹ́ tí gbogbo yàrá wọn ń fi oṣù kan ṣe, ó ní ó ń parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Mo wá béèrè àwọn akọ̀wé yòókù.

"Wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Zéphirin tí a jọ ń jókòó ń ta epo fìtílà nínú ìgò báyìí. Àwa díẹ̀ ni wọ́n mú kọ́ bí a ṣe ń dá ihò sí páálí."

Àánú Zéphirin ṣe mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ní, "Bí iṣẹ́ oṣù kan bá wá ń parí láàárọ̀ kan ṣoṣo, ẹ ó máa sinmi ní ọjọ́ tó kù nìyẹn. Ẹ ó máa wálé lóṣooṣù."

Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ọ̀gá ní ohun tí wọ́n fi owó gọbọi rà kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Bí òwú bá tán, a ó gba iṣẹ́ àwọn tó ń ra èkùrọ́. Bí ìyẹn bá tán, a ó gba ti àwọn tó ń já ẹrù létí òkun. Kò sí congé mọ́, ìsinmi ti tán, Dorothée. Ẹ̀rọ yẹn kì í mọ̀ pé òjò ń kásẹ̀."

"Ebè ńkọ́?"

"Màá wá fún ebè."

Ó lọ. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn dé ní oṣù kẹjọ, tí gbogbo Dassa kún fọ́fọ́, èmi náà wọ inú ihò àpáta Àrìgbo lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Màríà Mímọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ṣe oríire. Iwájú ilé ni Jósẹ́fù ti ń gbẹ́gi. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ kàn máa yọjú ni." Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àdúrà. Ohun tó wà nínú mi ni mo sọ.

Nígbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Cosme ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi oko tòun ṣáájú, òun á dé bá wọn ní oko àwọn yòókù. Wọn ò jiyàn. Wọ́n wá, wọ́n kọ ebè wa tán, mo gúnyán fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n súre. Ó wá kan oko Nicolas. Cosme kò dé. Géńdé kan láti Paouignan ló yọ lójú ọ̀nà oko, apá rẹ̀ bí itan màlúù, ó gbé ọkọ́ tirẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní Cosme ló rán òun, ó sì ti sanwó òun.

Ẹ ò rí i bí ọkọ mi ṣe ro ó. Ọjọ́ iṣẹ́ kan ni òun jẹ, ọjọ́ iṣẹ́ kan lòun rà, òun fi ránṣẹ́. Èyí tí òun rà tilẹ̀ dára ju tòun lọ! Ọmọ Ìdàáṣà tí wọ́n bí sínú àáró ló ronú báyìí o. Iṣẹ́ oníhò yẹn ti wọ̀ ọ́ lórí.

Nicolas kí géńdé náà dáadáa. Wọ́n fún un lómi, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi mángòrò, wọ́n ní àlejò àwọn ni. Bó bá dìde kó gbé ọkọ́, ẹnì kan á sáré wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Rárá o, jókòó, oòrùn ń mú." Wọ́n fún un níyán ńlá nírọ̀lẹ́, wọ́n sìn ín dé títì. Ilé wa ló yà sí, inú ń bí i. "Ìyá, irú àwọn èèyàn wo nìwọ̀nyí? Wọ́n ti sanwó fún mi, wọn ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́!" Mo bẹ̀ ẹ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Ọjọ́ kejì, Nicolas wá bá mi. Ìyàwó wa ló ń pè mí. Èmi náà ń pè é lọ́kọ mi, bí a ṣe ń pe gbogbo ẹgbẹ́ ọkọ ẹni.

"Ìyàwó wa, a kò bá ọ jà."

"Mo mọ̀, ọkọ mi."

"Ọkùnrin yẹn lágbára. Ebè tó máa kọ, Cosme kò lè kọ ìdajì rẹ̀. Ọdọọdún là ń fi Cosme ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ebè rẹ̀ tó rí bí ebè adìyẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ebè la ní kó fi ránṣẹ́ ni? Òun la ní kó wá."

Mo tẹ́ ẹní fún un, kò jókòó.

"Ó ku oko Yẹ̀kínì. Òun ló kẹ́yìn. Bí Cosme ò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, a ó yọ ọ́. Ẹni tí a bá sì yọ, a kì í fi ọkọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní sí ẹni tó máa kọ ebè fún mi lọ́dún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ náà á padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èmi àti Isabelle á di ẹrù wa, a ó lọ jókòó sínú yàrá tí Cosme háyà ní Kútọnu, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ká máa fi owó ra iṣu tó ti rọ. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, inú mi dùn pẹ̀lú. Láti Àjíǹde ni mo ti ń wá okùn tí màá fi fa ọkọ mi wálé, Nicolas ló fi lé mi lọ́wọ́ yìí. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo fi Isabelle ti ìyá ọkọ mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ní Kútọnu, ẹ̀ṣọ́ ní kí n dúró lẹ́yìn gíláàsì. Ibẹ̀ ni mo ti rí orogún mi. Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé nǹkan ẹlẹ́wà ni. Àwọn àpótí irin gàgàrà bí ibi ìkó aṣọ sí ni, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára ọ̀kan. Ó dùn mí. Bí wọ́n bá máa gba ọkọ lọ́wọ́ ẹni, kí ẹni tó gbà á tilẹ̀ dára. Nígbà náà ni Cosme kó àpótí páálí kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúró, ó ń wo ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gbé wọn mì. Mo mọ ojú tó fi ń wò ó. Ojú tó fi ń wò mí nídìí odó ni.

Ó jáde wá bá mi lábẹ́ igi furúùtù. Ó ti rù.

"Ṣé ọkùnrin yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Wọ́n fi í jókòó sábẹ́ mángòrò. Wọ́n ṣe é lálejò."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. "Mo sanwó rẹ̀ pé."

"Ẹnikẹ́ni ò béèrè owó. Oko Yẹ̀kínì ló kù. Bí ẹ ò bá wá, wọ́n á yọ yín."

"Impossible. Bí mo bá dìde lórí àga yẹn, ẹlòmíràn á ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dé Bohicon. Ṣé o ò rí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni?"

Mo rí wọn. Ìbínú mi wá ru sókè, mo gbàgbé pé ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Gbọ́, Cosme. Níbí, ẹni tó bá ti lè jókòó lè gba ipò rẹ. Nílé, wọ́n rí ẹni tó lágbára jù ọ́ lọ, wọ́n ní kó lọ jókòó. Ibo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́? Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Mo ti wí tèmi."

Mo ti bẹ̀ ẹ́ tán nínú mi, àmọ́ ẹnu mi ò jẹ́ kó mọ̀. Agogo kan dún nínú ilé, ó wọlé lọ. Mo sunkún láti Kútọnu títí mo fi rí òkè wa.

Ọjọ́ oko Yẹ̀kínì pé. Àwa obìnrin ti wà lóko láti àárọ̀, à ń dáná. Fèrè ọkọ̀ ojú irin dún lọ́nà jíjìn, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Yẹ̀kínì kò bẹ̀rẹ̀. Ó pọ́n ọkọ́ rẹ̀, ó tún un pọ́n. Ó wá lọ bu omi, ó ń wẹ ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ kírun, ìrun ìgbà wo ni, mi ò mọ̀. Nicolas ní, "Yẹ̀kínì, oòrùn ò ní dúró dè wá." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìlà kan sílẹ̀ láàárín, ẹnì kankan ò sì wò ó.

Ìlà náà wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ga. Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ilẹ̀ mi lọ́kàn nígbà tí ẹnì kan yọ láti ẹ̀bá òkè, bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò kíká sí orúnkún, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Nicolas ju ọkọ́ kan sí i. Cosme bọ́ sórí ìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ebè rẹ̀ sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn yòókù kọ tiwọn dé òpin. Wọn ò jókòó. Wọ́n yí padà, wọ́n gba òpin kejì ìlà rẹ̀, wọ́n ń kọ bọ̀ wá pàdé rẹ̀ títí ọkọ́ Nicolas fi kan tirẹ̀. Omijé mi bọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Yẹ̀kínì ní iyọ̀ ọbẹ̀ ti òní pé.

Àga ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kútọnu, bí ó ṣe wí. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́nà ilé, kò sì sọ ọ́ mọ́. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mò ń rìn lójú ọ̀nà odò bí ìyàwó tuntun. Bí fèrè bá dún, mò ń lọ ata mi lọ. Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe!

Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé kò ka odó mọ́. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà lọ. Mo gúnyán, mo dúró, mo nu òógùn, mo wò ó. Kò sí iye kankan lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo béèrè.

"Ojú ń tì mí," ó ní. "Ẹni tó ti rí bí nǹkan yẹn ṣe ń kà, kí ló tún fẹ́ máa fi ẹnu kà?"

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, a jẹun ọ̀sán tán nínú ahéré oko, a dùbúlẹ̀. Oorun gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Èmi ò sùn. Ọwọ́ yẹn ni mo fi ọdún gbáko ṣàfẹ́rí, mi ò fẹ́ fi oorun ṣòfò rẹ̀. Ni àwọn ìka rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Wọ́n ń lù mí lẹ́yìn, tó-tó-tó, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ìka kan síbí, ìka kan sọ́hùn-ún, kíákíá, láìṣìṣe. Ọwọ́ tó ń lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ nídìí ọkọ́! Mi ò mọ̀ pé ó lè yá báyìí.

"Bàbá Isabelle, kí lẹ̀ ń ṣe sí mi lẹ́yìn?"

Ó ta jí. Ó wo ìka rẹ̀. "Páálí ni mò ń dá ihò sí. Bọ́tìnnì là ń tẹ̀, lẹ́tà kan sí ìka kan. Àwọn àgbẹ̀ Aklampa ni. Ọjọ́ tí mo dìde, mi ò tíì parí wọn."

"Ẹlòmíràn ti parí wọn."

"Mo mọ̀."

Ó fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Mo dì í mú, mo dá a padà sí ẹ̀yìn mi. Mo fẹ́ ẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Aklampa ló wà.

"Ẹ lù wọ́n tán," mo ní.

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń pe orúkọ wọn lábẹ́ ẹnu bó ṣe ń lù wọ́n, ilé dé ilé, bàbá àti ọmọ, ohùn rẹ̀ sì ń dùn bí ó ṣe ń dùn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo dì mọ́ ẹní, mo ń gbọ́. Nígbà tó dákẹ́, mo sọ ohun tó wà nínú mi láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ wá lu orúkọ tèmi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rò ó, ó rò ó dáadáa, bí ó ṣe máa ń ro ohun gbogbo. Kì í ṣe ẹni tó ń purọ́ fún mi.

"Ẹ̀rọ náà kò ní gbà ọ́, Dorothée," ó ní. "O ò ta òwú fún wọn rí."